Ìwé iṣẹ́: bí a ṣe ń tún igbó Omo, Olúwa àti Ṣàṣà so pọ̀ fún erin

Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn láti sọ: kí erin àti àwọn ẹran igbó tó kù lè máa rìn láti igbó ọba Omo bọ́ sí Olúwa, kí wọ́n sì lè gòkè lọ sí Ṣàṣà, láì ba oko olóko jẹ́, láì kó sí ẹnu ìbọn. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ lè rò pé kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara kanra. Omo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Olúwa wà ní Oǹdó, Ṣàṣà wà ní Ọ̀ṣun, àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n fi kun gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín ló máa mọ̀ pé ohun tó wà láàárín wọn kì í ṣe igbó mọ́. Oko kòkó ni, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, oko igi mẹ̀láínà ni, ọ̀nà ọkọ̀ gẹdú ni, àbà tó ti fẹ́ di ìlú ni.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí ni pé àárín yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. A lè kó ẹ̀ṣọ́ tó gbóná sí inú igbó tó dára jù lọ, kí wọ́n ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ kí erin inú rẹ̀ tán, nítorí pé wọ́n há mọ́ ibẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn, àti fún àwọn ará ìlú tó wà létí igbó wọ̀nyí, nítorí ilẹ̀ wọn ni à ń sọ.

Bí a ṣe bá ilẹ̀ náà

Ní 1925 ni wọ́n ti ya igbó Omo sọ́tọ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ara igbó ọba Ṣàṣà. Ohun tó ti wà lójú kan tẹ́lẹ̀ la ń tún so. Ní 1946 wọ́n fi ààlà sí 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn án, ní 1977 UNESCO kọ Omo mọ́ àwọn ilẹ̀ tí gbogbo ayé jọ ń bójú tó. Gbogbo igbó ọba Omo sì lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ẹ wo bí 460 ti kéré tó nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gé igbó lulẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ láti gbin mẹ̀láínà tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe bébà ní Ìwópin. Iléeṣẹ́ bébà náà kò gbéra bí wọ́n ṣe pète rẹ̀, ṣùgbọ́n igbó àtijọ́ ti lọ, mẹ̀láínà sì ti wà nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbin igi ló tẹ díẹ̀ nínú àwọn àbà tó wà nínú igbó lónìí dó, àwọn ọmọ wọn ló ń gbin kòkó. Mo ń sọ èyí nítorí pé ó wọ́pọ̀ kí àwọn èèyàn dúró sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa bá olóko wí bí ẹni pé òun nìkan ló jẹ igbó run. Bébà ìjọba ti jẹ tiẹ̀ kí kòkó tó dé.

Erin ibẹ̀ kì í ṣe erin pápá tí ẹ máa ń rí nínú fídíò Kenya. Erin igbó ni. Ó kéré sí ti pápá, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ gún, ó sì dojú kọ ilẹ̀. Ní 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá, tó kà á sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó sún mọ́ àparun jù lọ. Ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé abo erin igbó máa ń tó bí ọmọ ọdún 23 kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Oyún rẹ̀ tó oṣù 22, ó sì máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó bí òmíràn. Ẹni tó bá pa abo erin kan ti gba ohun tí igbó kò ní rí dá padà títí ọmọ tí wọ́n bí lónìí yóò fi tó ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó. Ìfojúbù àwọn onímọ̀ ni pé erin tó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 400 mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n tó 1,500. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò àkọ́kọ́ jáde lórí ìtọ́jú erin ní orílẹ̀-èdè yìí. Nigerian Conservation Foundation ti ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣiṣẹ́ lórí erin ní agbègbè J4 nínú igbó Omo kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ yẹn la sì ń kọ́lé sí.

Bélú sí Èrèlè: wíwá ọ̀nà erin

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ṣe èyí, nítorí pé ẹrẹ̀ etí odò máa ń gba ojú ẹsẹ̀ dáadáa nígbà náà, òjò kì í sì í wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́jọ́ kejì. A gba àwọn ọdẹ àdúgbò síṣẹ́. Àwọn kan ní ọ́fíìsì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọdẹ ló ń pa ẹran. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó mọ ibi tí ẹran ń gbà ni mo nílò, mi ò tíì rí ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó lè ṣe é.

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló fi okùn hàn wá. Ẹ wá ojú ẹsẹ̀ iwájú tó fìdí múlẹ̀ dáadáa nínú ẹrẹ̀. Ti iwájú rí róbótó, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀. Ẹ yí okùn ká etí rẹ̀, kí ẹ so kókó síbi tí orí okùn bá ti pàdé. Ẹ tú u, ẹ nà án, ẹ wọn gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: gíga erin yẹn nìyẹn, láti ilẹ̀ dé èjìká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tàsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ẹranko ṣe ń wọ̀n ọ́ káàkiri ayé. Ní ọwọ́ bàbá yìí, kókó okùn náà ti di àkọsílẹ̀: kókó kan fún ìyá, kókó mìíràn lórí okùn kan náà fún ọmọ tó ń tẹ̀lé e. Láti ara okùn yẹn la fi mọ̀ pé kì í ṣe akọ tó ń dá rìn nìkan ló ń gba etí odò kan báyìí lápá ìlà oòrùn Omo. Ìdílé ni.

Ìgbẹ́ erin la tún ń kà. A máa ń fi igi tú u, a máa ń ṣa èso inú rẹ̀ sórí ọ̀rá. Òro ló máa ń pọ̀ jù, àwọn tí à ń fi inú rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n. Ní etí omi kan, a bá ìgbẹ́ tó ti pẹ́, tó ti di dúdú, tí ọmọ igi òro mẹ́ta ti hù jáde láti inú rẹ̀, tí ewé wọn ṣì pupa. Mo pe gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n wá wò ó. Ohun tí à ń fi owó ìjọba ṣe ní nọ́sìrì nìyẹn, tí erin ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ibi tó bá gbà.

Lẹ́yìn ojú ẹsẹ̀ la so kámẹ́rà. Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: ẹ má dojú rẹ̀ kọ ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, oòrùn á máa là á lójú á sì máa ya àwòrán òfìfo. Ẹ gé ewé iwájú rẹ̀ dànù, torí ewé tí atẹ́gùn ń mì á tètè jẹ bátìrì tán. Ẹ fi sínú àpótí irin tí a fi bóòtì kàn mọ́ igi, nítorí erin máa ń fi ọwọ́jà rẹ̀ yẹ ohun tuntun wò, bó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò tán, kì í kù. Túùkú, ẹtu, ọ̀kẹ́rẹ́, àgbìgbò tó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣa èso, gbogbo wọn la rí. A rí èèyàn náà, tòun ti ìbọn. Àwòrán èèyàn kò gbọdọ̀ jáde sí orí WhatsApp ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ṣọ́ ló ń lọ, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Bí aráàlú bá gbọ́ pé kámẹ́rà wa ń tú àṣírí ẹni tó wá já ewé, ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́ ní gbogbo àbà nìyẹn.

Ẹrẹ̀nà: ìlà lórí ìwé

Odò la tẹ̀lé. Erin nílò omi. Ilẹ̀ etí odò rọ̀ ju ohun tí kòkó fẹ́ lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni igi àtijọ́ ṣẹ́kù sí. Bí igi bá sì wà létí odò, omi tí àwọn àbà ń mu kò ní gbẹ. Ohun tí a kọ sínú ètò ni igba mítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan odò. Níbi tí kòkó tó ti dàgbà bá ti dé etí omi, a gba 50, pẹ̀lú àdéhùn igi ibòòji tí mo máa sọ níwájú.

Ibi tó fẹ́ dá iṣẹ́ dúró ni ọ̀rọ̀ ààlà. Àwọn máàpù àtijọ́ ìjọba wà lórí ìwọ̀n tí àwọn súfèyọ̀ ń pè ní Minna. GPS ọwọ́ wa ń lo WGS84, ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Ibi kan náà lórí ilẹ̀, bí ẹ bá gbé nọ́ḿbà rẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì láìyí i padà, á sún ní ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún mítà ni odindi oko èèyàn. Fún ìdí yìí ni ìwé ìpínlẹ̀ kan fi fi bàbá kan sínú igbó ọba, tí ti ìpínlẹ̀ kejì fi í síta. A yí gbogbo rẹ̀ sí WGS84, a lọ wá àwọn òpó ààlà kọ̀ǹkéré àtijọ́ nínú igbó, a fọ ewé lórí wọn, a wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni máàpù tó bá ilẹ̀ mu. Ẹ má bá olóko sọ̀rọ̀ ààlà kí ẹ tó ṣe èyí.

Ìdí tí a fi ní máàpù mẹ́ta ni pé ní Nàìjíríà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni igbó ọba wà. Ọgbà ẹranko àpapọ̀, bíi ti Ọ̀yọ́ Ilé tàbí Okomu, ló wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún oní-gẹdú tirẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Igi tí wọ́n gé ní apá ibi tí wọn ò gbà láyè lè gba ọ̀nà ibi tí wọ́n gbà láyè jáde, kó sì di ti olówó rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí a ń kọ báyìí béèrè ohun méjì péré: kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má fi ìwé àṣẹ gẹdú sílẹ̀ lórí ìlà etí odò, àti kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan lè tẹ̀lé ipasẹ̀ apẹran kọjá ààlà láìdúró gba lẹ́tà. Bí a bá rí ohun méjì yìí gbà, ó ju ọkọ̀ Hilux mẹ́wàá lọ lójú mi.

Igbe: lábẹ́ igi àbà

Mo ti máa ń gbọ́ kí wọ́n pe irú ìpàdé yìí ní ìlanilọ́yẹ̀. Àwọn ló là wá lọ́yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Báálẹ̀ ní, “Màdáàmù, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí erin máa kọjá. Bó bá kọjá tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ńkọ́, ta ló máa san án?”

Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, kò sí owó yẹn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wa. Bí mo bá ní ó wà, irọ́ ni mo pa fún yín.”

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ló bá ní, “Ó dáa. Ẹni tí kò bá purọ́ fún wa la lè bá jókòó.”

Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù kì í ṣe ti erin. Ọ̀rọ̀ igi ni. A ní kí wọ́n jẹ́ kí àfàrà àti ìdígbó dàgbà nínú kòkó wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó dára fún kòkó, àwọn bàbá àwọn náà fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti tóbi, oní-gẹdú á dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, á gé e, igi á wó lu kòkó, olóko kò ní rí kọ́bọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi iná jó ìdí ọmọ igi kí ó tó di igi. Ọ̀dọ́ olóko kan sọ ọ́ kedere: “Igi tí kì í ṣe tèmi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe nínú oko mi?” Ọ̀rọ̀ yẹn yí ètò wa padà. A ya ìwé ìforúkọsílẹ̀ igi sọ́tọ̀: igi tí olóko bá gbìn tàbí tó bá tọ́ dàgbà lórí ìlà náà, a ó kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà GPS, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ báálẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní Gánà, igi ibòòji 15 sí 18 lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n ń gba olóko kòkó níyànjú láti ní. Ìwọ̀n yẹn náà la fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó fa etí wọn ni òfin Yúróòpù. Kòkó tó bá ti inú ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Ọ̀pẹ 2020 jáde kò ní lè wọ ọjà wọn mọ́ bí òfin náà bá ti múlẹ̀ tán. Àwọn tó ń ra kòkó á béèrè ibi tí oko wà gan-an. Mo ṣàlàyé pé ẹni tí oko rẹ̀ ti pẹ́, tó sì dúró sí ojú rẹ̀, ní ohun tó lè fi hàn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ igbó lọ ni ọjà fẹ́ sá fún. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn olóko fúnra wọn béèrè pé kí a wá wọn oko àwọn.

Àdéhùn tó jáde: oko tó wà dúró síbi tó wà, kò sí oko tuntun kọjá igi tí a kùn lọ́dà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ yóò kúrò ní ẹnu igbó wọ àárín oko, ata àti atalẹ̀ ni yóò wà lẹ́nu igbó, nítorí erin kò fẹ́ràn wọn.

Èbìbí sí Agẹmọ: nọ́sìrì àti gbígbìn

Àfàrà, ìdígbó, òro, ọ̀mọ̀, àgbálùmọ̀, ọ̀gànwó. Obìnrin àbà méjì ló ń darí nọ́sìrì, wọ́n sì ń gba owó oṣù. Ìmọ̀ràn méjì péré ni mo ní níbí. Ẹ má gbin ọ̀gànwó lójú oòrùn lọ́tọ̀, kòkòrò kan máa ń wọ ẹnu ọ̀mùnú rẹ̀ tí igi á fi máa yẹ̀ka-yẹ̀ka láì ga. Ẹ fọ́n ọn ká sáàárín igi mìíràn lábẹ́ ìbòòji. Ìrókò náà, bí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ewé rẹ̀ á yọ kókó, á kú. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú.

Ògún: okùn wáyà

Wáyà kọlọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ni wọ́n ń lò jù. Wọ́n á so ó mọ́ igi tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á fi ewé bo ojú rẹ̀. Ẹtu ni wọ́n dẹ ẹ́ dè, ṣùgbọ́n wáyà kò mọ ẹtu yàtọ̀. Ọmọ erin a máa ti ọwọ́jà bọ̀ ọ́, èyí tí kò bá pa á lè gé orí ọwọ́ náà kúrò, tí kò ní lè já oúnjẹ dáadáa mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí wọ́n sún mọ́ra débi pé ojú ẹnì kan ń dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹni kejì wà, wọ́n á gba etí odò lọ gbọọrọ. Gbogbo okùn tí wọ́n bá ká ni wọ́n ń gbé wálé, a kì í jù ú sínú igbó. Ibi tí wọ́n ti rí i ń wọlé sínú SMART, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀ṣọ́ igbó káàkiri ayé ń lò, máàpù rẹ̀ ló sì ń sọ ibi tí a máa gbà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ yìí kì í dùn ún ròyìn, kò sí fọ́tò tó dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á sí èyí tó ń gba ẹ̀mí ẹran là jù lọ.

Ọ̀wàrà: ilé oyin

Ní Kenya, wọ́n fi hàn pé erin ń sá fún oyin. Wọ́n ń gbé ilé oyin kọ́ ká oko, mítà mẹ́wàá sí ara wọn, wọ́n á sì fi wáyà so wọ́n pọ̀, bí erin bá kan wáyà, gbogbo ilé oyin á mì. A ń dán an wò ní etí oko kan ṣoṣo. Nínú igbó tiwa, ilé oyin tó bá wà lábẹ́ òjìji púpọ̀ a máa ṣófo, nítorí náà a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ oko tí oòrùn ń dé. Olóko náà ti ta oyin àkọ́kọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ti wá béèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i kọjá ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá gbó kí a tó pín in káàkiri.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Lápá Omo sí Ṣàṣà, igi ti ní ọ̀dà lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ igi tó kú sì ti ní àrọ́pò. Lápá Olúwa, àlàfo kan ṣì wà, níbi tí ọkọ̀ gẹdú ti ń kó ẹrù, tí wọ́n ti gé igi etí odò tán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ojú ẹsẹ̀ tí a rí lẹ́yìn òjò tó gbẹ̀yìn gba ìlà náà bọ̀ geere láti Omo, ó dé ẹnu àlàfo yẹn, ó dúró, ó rìn yíká, ó sì padà. Okùn bàbá ọdẹ wa fi hàn pé ìdílé tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kọ́kọ́ ni.

Nítorí náà, gbogbo ọmọ igi tó kù ní nọ́sìrì ni a óò kó lọ sí àlàfo náà ní òjò tó ń bọ̀, mẹ̀láínà ni a óò sì kọ́kọ́ fi bò ó lójú, torí ó ń yára dàgbà, kí àfàrà àti òro lè hù lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kó gẹdú ti gbà láti sún ibi ìkẹ́rù wọn kúrò létí omi bí ìjọba bá fún wọn ní ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Lẹ́tà ilẹ̀ yẹn ti wà lórí tábìlì ìjọba, mo sì ń lọ tẹ̀lé e níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú máàpù tuntun àti báálẹ̀ méjì tó ní àwọn fẹ́ tẹ̀lé mi.